Ọjọ́ tí Irùngbọ̀n Òwú Bọ́

Kí n tó di ìyàwó ilé, mo ti kú lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìlọ́bù ni mo kọ́kọ́ kú sí, wọ́n sì sunkún mi dáadáa. Lẹ́ẹ̀kejì, Ìfọ́n ni mo kú sí, kò sì sí ẹni tó sunkún mi. Obìnrin kan tilẹ̀ sọ ọ́ síta pé omi tó gbé mi lọ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé wọn kò jìnnà síra. Ẹkún wọn náà kò yẹ kó jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni. Ó kéré débi pé bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ni.

Ìgbà tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn ọmọ pọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ nígbà náà, ẹni tó bá sì ti ka ìwé mẹ́fà, tíṣà ni. Èmi náà ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fún mi láti kọ́ ní A, B, D ní ilé-ìwé kan ní Ìlọ́bù. Ọ̀gá tíṣà wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, kọ eré kan sínú ìwé, ó ní kí a ṣe é fún àwọn òbí ọmọ. Kọ́ńsáàtì ni àwọn ará ilé ń pè é.

Eré náà rèé bí mo ṣe rántí rẹ̀. Bàbá kan wà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà yọ nínú kànga nígbà èwe wọn. Ó búra pé ọmọbìnrin òun, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ọ̀rẹ́ òun yìí ni yóò fẹ́ ẹ. Ọmọ dàgbà, ó ní òun kò lè fẹ́ ẹgbẹ́ bàbá òun. Bàbá lé e jáde nínú òjò. Ọmọ fẹ́ sọdá odò lọ sí ilé àwọn ìyá rẹ̀, odò gbé e lọ. Ìgbà tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ bọ̀ ni ìránṣẹ́ ọ̀rẹ́ náà wọlé, ó ní láti àárọ̀ ni ọ̀gá òun ti rán òun pé kí bàbá má ka ìbúra náà sí mọ́, òjò ló dá òun dúró lọ́nà. Bàbá gbé orí ọmọ lé itan. Ibẹ̀ ni eré parí sí.

Ọ̀gá tíṣà fi ìnkì pupa kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé ọmọ náà ni kí àwọn ènìyàn ṣàánú. Èmi ni ó fi ṣe ọmọ.

Bàbá mi gangan, àgbẹ̀ ni, kì í fi ìrun márààrún ṣeré. Mo kúnlẹ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

“Ṣé ẹ ò ní jó níbẹ̀?” ni wọ́n wí.

“A ò ní jó, Bàbá.”

“Kí wá ni ìwọ máa ṣe?”

“Màá kú ni.”

Wọ́n wò mí títí. “Ikú ni wọ́n wá fi ń ṣeré báyìí?” Wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé a ó parí rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì.

Ẹni tí yóò ṣe bàbá nínú eré ló ṣòro láti rí. Ọ̀gá tíṣà bẹ gbogbo àwọn àgbàlagbà tó mọ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní eré ni o, kì í ṣe eré ni o, àwọn kò ní fi ẹnu ara àwọn lé ọmọ jáde nílé. Ó wá ku àwọn àpọ́n tí kò tíì bímọ. Nínú wọn, àbúrò mi ọkùnrin ló ga jù, ohùn rẹ̀ sì nípọn bí ti àgbà. Tẹ́lọ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló rán agbádá bàbá náà. A fi òwú ṣe irùngbọ̀n fún un, a fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lágbọ̀n.

Mo fi ọdún márùn-ún ju àbúrò mi yìí lọ. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ó já bọ́ lẹ́yìn mi nígbà kan, ó fi àgbọ̀n gbá òkúta, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní. Bí mo bá fẹ́ rán an níṣẹ́, “o” ni mo ń pè é. Bí ó bá fẹ́ dá mi lóhùn, “ẹ” ni ó ń pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tọ́ gbogbo ọmọ tó wà ní agbègbè wa. Eré yìí wá yí i padà. Èmi ni kí n máa kúnlẹ̀ fún un, kí n máa pè é ní “ẹ”, kí òun máa pè mí ní “ìwọ”. Ìṣòro gidi ni. Nígbà tí a ń kọ́ ọ, bí kò bá ti lẹ irùngbọ̀n, ńṣe ni yóò kàn máa kùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú.

“Lé e jáde!” ni ọ̀gá tíṣà yóò pariwo. “Ọmọ rẹ nìyẹn!”

“Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ wà nílé. Ọmọ rẹ ló wà níbí.”

Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá tíṣà pàṣẹ pé kó máa lẹ irùngbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí a bá ń kọ́ eré. Bí òwú náà bá ti wà lágbọ̀n rẹ̀, yóò di bàbá. Èmi náà, bí mo bá ti rí òwú náà, mo ti di ọmọ.

Ní Ìlọ́bù, gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, bàbá kọ̀. Obìnrin kan dìde láàrin èrò, ó na ọwọ́ méjèèjì: “Bàbá, ẹ gba ti Ọlọ́run! Ọ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bí rèé!” Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé díẹ̀ ló kù kí òun dárí jì mí. Nígbà tí wọ́n gbé òkú mi wọlé, ẹkún sọ. Mo di ojú mi, mo ń gbọ́ ọ lókè mi bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan dá mi dúró lọ́nà, ó fọwọ́ kàn mí lápá wò bóyá mo ṣì gbóná. “A ò ní rí irú ẹ̀ o,” ni ó wí, ó sì fún mi ní ọsàn mẹ́ta.

Àbúrò mi ni kò rí ọsàn gbà. Àwọn obìnrin méjì wá gba aṣọ wọn padà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹni tó lé ọmọ rẹ̀ sínú òjò kò ní bá òun rán bùbá.

“Ìyá, mi ò tíì gbéyàwó,” ni ó wí.

“Ìyẹn gan-an ló dáa,” ni obìnrin náà dá a lóhùn.

Àwọn ará Ìfọ́n gbọ́, wọ́n ní kí a wá ṣe é fún àwọn náà. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ni káfíńtà kan, ọmọ Ìfọ́n, tó ń kan bẹ́ǹṣì fún ilé-ìwé wa. Òun ni àfẹ́sọ́nà mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàrin ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí wa; a fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, àwa ń fẹ́ ara wa lọ. Àwọn ẹbí ti rí ara wọn. Ó ku kí wọ́n mú ọjọ́ ìdáná. Mo fẹ́ ọkùnrin náà. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé: “Ìyàwó mi máa kú ní ọjọ́ Sátidé o, ẹ wá wò ó!” Ó gbé àga fún ìyá rẹ̀ sí iwájú pátápátá. Opó ni ìyá náà, òun sì ni ìyáálé gbogbo àwọn obìnrin ilé wọn. Ọmọ fẹ́ kí ìyá òun rí bí àwọn ènìyàn yóò ṣe sunkún mi. Mo rí ìyá láti ẹ̀yìn aṣọ tí a ta. Wọ́n ti ká etí ìborùn wọn sọ́wọ́ sílẹ̀ de omijé.

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. A dé ibi tí ọmọ ti ń bẹ bàbá. Ọ̀rọ̀ mi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ni pé: “Bàbá mi, kí ló ń ṣe yín tí ẹ ò fi gbọ́ tèmi?” Mo kúnlẹ̀. Mo gbójú sókè. Òógùn ti rin ẹ̀kọ tó wà lágbọ̀n àbúrò mi, apá òsì irùngbọ̀n náà ṣí, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Àpá àgbọ̀n rẹ̀ yọ sí mi. N kò rí bàbá kankan mọ́.

“Kí ló ń ṣe ọ́,” ni mo wí, “tí o ò fi gbọ́ tèmi?”

Ohùn tí mo fi sọ ọ́ ni ohùn tí mo fi ń bá a wí nílé bí kò bá pọn omi.

Àbúrò mi fi ọwọ́ gbá irùngbọ̀n rẹ̀ mú kó má baà já bọ́, kò sì lè mú ọwọ́ náà kúrò mọ́ títí eré fi parí. Àwọn tó ń wò ó kò mọ̀ pé òwú ni ó ń dì mú. Ohun tí wọ́n rí ni bàbá arúgbó kan tí ọmọ rẹ̀ pè ní “ìwọ”, tí ó di àgbọ̀n mú nítorí ìbànújẹ́.

“Háà! Bàbá ẹ̀ ló ń bá wí yẹn?”

“Lórí ìkúnlẹ̀ náà! Ó kúnlẹ̀, ó tún ń sọ ‘o’!”

“Bàbá, ẹ lé e! Ẹ lé e kíákíá!”

Ó lé mi, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí mo kú, mo di ojú, mo ń retí ẹkún. Ohun tí mo gbọ́ ni obìnrin kan tó sọ pé, “Omi yẹn ṣeun.”

“Má wí bẹ́ẹ̀, òkú ni,” ni èkejì rẹ̀ wí.

“Òkú tó ń pe bàbá ẹ̀ ní ìwọ?”

Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá gbé orí mi lé itan, tí ó fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n mú, ẹkún wá sọ nígbà náà. Òun ni wọ́n ń sunkún fún. Bàbá àgbà kan bu omi wá fún un lórí ìtàgé níbẹ̀, ó ní kó rọ́jú, kó gbà pé Ọlọ́run ló mú un kúrò. Mo la ojú mi díẹ̀. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi ti tú ìborùn wọn ká, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, ojú wọn gbẹ.

Nígbà tí a ń bọ̀ wá sílé, ọ̀gá tíṣà ń rìn síwájú wa títí a fi dé Ìlọ́bù. Ó wá ní, “Tíṣà, o kú, ẹnikẹ́ni ò sì sin ọ́.” Ó wọlé lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, alárenà wa, ìyá kan tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin ẹbí méjèèjì, wọ ilé wa. Ó kí bàbá mi, ó kí ìyá mi, ó kí wọn fún oòrùn, ó kí wọn fún oko, débi tí bàbá mi fi mọ̀ pé ohun tó gbé wá kò dára.

“Wọ́n ní ká ṣì dáwọ́ dúró ná,” ni ó wí níkẹyìn.

“Kí ló dé?”

“Wọ́n ní ọmọ yín ò lè pe ènìyàn ní ‘ẹ’ di alẹ́.”

Bàbá mi yíjú sí mi. “Ìwọ ní o ò ní jó níbẹ̀,” ni wọ́n wí.

Kí ẹni tí kò mọ ilé wa má baà rò pé ìyá náà le jù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ yòówù tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bí ọmọ náà lánàá, tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé lónìí, ẹ̀gbọ́n ni ọmọ náà. “Ẹ” ni ìyàwó yóò máa pè é, ìbáà jẹ́ pé ìyàwó ló ń nu ikun rẹ̀. Ilé àfẹ́sọ́nà mi kún fún ọmọ wẹ́wẹ́. Ohun tí ìyá ń rò ni pé ẹni tí kò lè pe bàbá inú eré ní “ẹ” fún ọ̀sán kan ṣoṣo, báwo ni yóò ṣe pe ọmọ ọlọ́mọ ní “ẹ” fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀? N kò rí ibi tí èrò yẹn ti wọ́.

Àfẹ́sọ́nà mi wá fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní òun kò fẹ́ mi mọ́. Kò sì ní òun yóò fẹ́ mi láìjẹ́ pé ìyá òun gbà. N kò bá a jà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí alárenà kò padà wá, mo mú àbúrò mi, a gba Ìfọ́n lọ ní ìyálẹ̀ta. A bá ìyá lábẹ́ igi nínú àgbàlá, àtẹ ẹ̀gúsí wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń bó o. Ọmọbìnrin kékeré kan, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, jókòó tì wọ́n, ó ń jẹ lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ìyá wí. Wọn kò gbójú kúrò lórí ẹ̀gúsí. “Ta ni eléyìí?”

“Àbúrò mi ni, mà. Àwọn ni bàbá inú eré ọjọ́sí.” Ìbẹ̀rù ló mú mi sọ “àwọn”.

Ìyá wá gbójú sókè, wọ́n wo ọmọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. “Irọ́ ni. Bàbá yẹn, bàbá arúgbó ni.”

“Òwú ni, ìyá,” ni àbúrò mi wí. “Òwú náà ló bọ́ tí wọ́n fi ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ má bínú sí wọn. Ẹ̀kọ tí a fi lẹ̀ ẹ́ ni kò dì.”

“Ẹ̀kọ ló wá pe bàbá ní ìwọ?” Wọ́n bó ẹ̀gúsí mélòó kan sí i. “Ó dáa. Kò sí òwú níbí, kò sí ẹ̀kọ. Ẹ ṣe é kí n rí i.”

“Níbí, mà?”

“Àbí ẹ fẹ́ kí n gbé àga síwájú ni?”

Àwọn ìyàwó ilé ti ń yọjú. Ọ̀kan gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Àbúrò mi dìde dúró, aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà ní àyà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àpá náà wà níwájú mi gbangba. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́: “Bàbá mi, kí ló ń ṣe yín tí ẹ ò fi gbọ́ tèmi?”

Ìyá ń wo àbúrò mi, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ kàn. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé, “Jáde nílé mi! N kò mọ̀ ọ́ mọ́.” Ó ti sọ ọ́ ní Ìlọ́bù, ó ti sọ ọ́ ní Ìfọ́n. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á.

“Ẹ jáde nílé mi,” ni ó wí. “N kò mọ̀ yín mọ́.” Ó wò mí. “Ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyàwó tó gbé ìkòkò kalẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlá gba ẹ̀rín. Àtẹ ẹ̀gúsí dànù lórí ẹsẹ̀ ìyá, wọn kò ṣà á.

“Bàbá wo ló ń bẹ ọmọ kó tó lé e jáde? Tún un sọ!” ni ìyá wí.

Àbúrò mi tún un sọ, ó tún jẹ́ “ẹ”. Wọ́n ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó jókòó sórí ilẹ̀.

“Ìyá, mi ò lè ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá. Wọ́n bi í pé, “Ta ló kọ́ ọ?”

“Eré ni, mà?”

“‘Ẹ’ tí o ń pè é yìí ni mò ń bi ọ́.”

Ó tọ́ka sí mi. “Àwọn náà ni. Àwọn ni wọ́n pọ̀n mí.”

Ìyá fi ẹsẹ̀ ti àtẹ òfìfo náà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n bá wọn ṣa ẹ̀gúsí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ọmọ kékeré ẹ̀gbẹ́ wọn ń ṣà á bákan náà, ọwọ́ wa kan ara wọn lórí ẹyọ kan.

“Ẹ máa mú un,” ni mo sọ fún un.

Kò sí ẹni tó rán mi. Ó kàn jáde lẹ́nu mi bí ti ọjọ́sí ṣe jáde. Ọmọ náà mú un, ó jẹ ẹ́.

Ìyá kò wò mí. Àbúrò mi ni wọ́n bá sọ̀rọ̀: “Nígbà tí ẹ bá délé, kí bàbá yín. Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa retí wa.”

Mo bá ìyá gbé fún ọdún púpọ̀. Nígbà kan tí a jọ ń dáná, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣàánú mi rárá lọ́jọ́ eré náà. Wọ́n ní omijé ti dé ojú àwọn tẹ́lẹ̀, èmi ni mo lé e padà.

Ọmọ tó jẹ ẹ̀gúsí náà ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Àárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá kí mi, ó fẹ́ kúnlẹ̀ nítorí pé mo dàgbà. Mo ní, “Ẹ má kúnlẹ̀, ẹ jókòó.”